Ìkòkò kan, ẹnu márùn-ún: ẹ̀wà ló ń jẹ owó yín ni, àbí èédú?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Benin ni mò ń gbé, lápá Wàńdó. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ìyàwó mi ń ránṣọ, ọmọ mẹ́ta la bí. 1,000 fránkì la lè yọ sọ́tọ̀ fún oúnjẹ alẹ́, kò sí bá a ṣe lè fi kún un. Oúnjẹ inú ìkòkò kan ṣoṣo ni mò ń wá, èyí tó gbóná, tó ń dúró nínú ẹni, tí àwọn ọmọ á jẹ tán tí wọn ò ní máa wá búrẹ́dì kiri ní aago mẹ́sàn-án. Ìyàwó mi ní ká yáa máa ra àtàsí, ìrẹsì àtẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níta, pé téèyàn bá ka owó èédú mọ́ ọn, ó dínwó ju ká sè é nílé lọ. Ìyá mi ní Kétu ní ọ̀lẹ ló ń rajẹ. Ta ló jàre? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sojú abẹ níkòó.

* * *

Àbúrò, o ṣeun. Àwọn méjèèjì ló jàre, ọ̀nà tí wọ́n gbà jàre ló yàtọ̀.

Ẹni tó ń dá gbé, tó ń dá ẹ̀wà sè fún ara rẹ̀, owó ló ń fi ṣòfò. Iná kan ṣoṣo ni ìyá alátàsí fi ń bọ́ gbogbo àdúgbò, èédú tó kàn ọ́ nínú abọ́ tó bù fún ọ kò tó nǹkan. Kò sí bí anìkàngbé ṣe lè bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu márùn-ún ni tiyín. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá alátàsí, ọmọ kan á ní ẹyin lòun fẹ́, èkejì á ní ẹja díndín, ìwọ gan-an á ní kó wọ́n gàrí sí i, kó fi ata díndín kún un. Ìrẹsì àtẹ̀wà abẹ́ rẹ̀ kì í gbówó, ohun tí wọ́n ń gbé lé e lórí ló ń gbówó. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, 1,000 ti fò lọ, ọmọ tó kéré jù ò sì tíì yó.

Ẹnì kan nínú àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí níbí ti sọ pé 1,000 fránkì kéré, pé kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe. Mi ò gbà fún un. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, 52,000 fránkì ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí nílẹ̀ Benin. Pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò pé 1,750 lójúmọ́, ẹni náà ò sì tíì sanwó ilé, kò tíì sanwó iná. Ta ni nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló máa rí 1,000 yọ fún alẹ́ nìkan? Owó yín tó o. Iná ló ń bà á jẹ́. Ẹ̀wà tí wọn ò rẹ, tí wọ́n gbé ka èédú láago márùn-ún, tó ṣì le kóró láago mẹ́jọ, ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ti fi èédú kún un, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ.

* * *

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sè é. Adàlú ni, kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀, ọwọ́ tí a fi ń mú un ló kù.

Ìdajì kílò ẹ̀wà àti ìdámẹ́rin kílò àgbàdo gbígbẹ tó fún ẹni márùn-ún. Nígbà tí àgbàdo tútù bá pọ̀ lọ́jà, tútù ni kẹ́ ẹ lò, ó ń tètè jinná, ó sì ń dùn ju gbígbẹ lọ. Tó bá jẹ́ gbígbẹ, ẹ wá èyí tí wọ́n ti gún èèpo rẹ̀ kúrò, tàbí kẹ́ ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n ọn kẹ́ ẹ gún un nínú odó fúnra yín, kẹ́ ẹ fẹ́ èèpo náà dànù. Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, torí ẹ ò mọ oògùn kòkòrò tí wọ́n fi pa á mọ́ kó tó dé ọjà.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ rẹ àgbàdo. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa sè é ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ̀wà, kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Àwọn kan ń rẹ méjèèjì pọ̀ láti alẹ́, wọ́n á wá délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n á bá ìfófó lórí omi, ẹ̀wà ti ń kan. Ooru Àjàṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹ̀wà sùn nínú omi títí ilẹ̀ á fi tún ṣú. Wákàtí mẹ́jọ tó fún un. Tí ẹ bá dé, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tuntun sè é.

Àgbàdo ló ń kọ́kọ́ gorí iná. Tó bá ti ń gbà fún eyín, ẹ da ẹ̀wà sí i, ẹ gé àlùbọ́sà kan sí i, ẹ bò ó. Ìgbà tí méjèèjì bá rọ̀ ni epo pupa, ata gígún, irú àti ẹja gbígbẹ ń wọlé, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ wá fi orógùn tẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà mọ́ ara ìkòkò títí á fi fọ́. Èyí tó fọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí omi rẹ̀ ki, èyí tó kù á sì wà ní wóró, eyín á rí nǹkan jẹ. Ẹ máa fa orógùn kọjá nísàlẹ̀. Bó bá ti di pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ń hàn sí yín díẹ̀ kí adàlú tó ya padà bò ó, ó tó sọ̀.

Epo: ẹ má yọ ọ́ títí á fi di funfun. Àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni ara fi ń ṣe fítámì A, iná púpọ̀ ló sì ń pa á. Epo tó ń wá láti apá Pọ́bẹ̀, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà, kò ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ kó tó ta sánsán. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tó. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn mi ní Kétu á ní mo ṣahun epo.

* * *

Kánún. Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀.

Ẹnì kan láti Kétu ní òun ò rí i kí ìyá òun se ẹ̀wà láìfi kánún sí i rí. Ẹlòmíràn ní sóódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì lòun ń lò, pé ó mọ́ ju kánún lọ. Ẹnì kẹta ní kánún ń pa kíndìnrín, pé ká má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Kánún ń ṣiṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó ń tú ohun tó so ara ẹ̀wà pọ̀, ẹ̀wà á sì rọ̀ kíákíá. Sóódà ń ṣe bákan náà. Ṣùgbọ́n méjèèjì ń pa fítámì B1 inú ẹ̀wà, tó bá sì ṣèèṣì pọ̀, ẹ̀wà á máa yọ̀ lẹ́nu, á máa ta bí ọṣẹ. Ẹ̀wà tí ẹ ti rẹ, kí lẹ tún ń wá kánún sí? Wákàtí tó fi wà nínú omi, kò ná yín ní fránkì kan.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa gbà fún ará Kétu yẹn. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin máa ń le, kódà tí ẹ bá rẹ ẹ́ mọ́jú. Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà yìí ò sì ṣàìní ọ̀rinrin. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ bá bọ̀ nílé, ìwọ̀nba kánún tí kò tó èékánná ìka tó kéré jù á yọ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹni tí ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ ra díẹ̀ lọ sè wò. Ìyá ẹlẹ́wà tó bá bínú sí ìyẹn, ó mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀.

Ohun tó sì ń mú kí ẹ̀wà le lórí iná tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ níbí ni tòmátì. Kíkan inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀. Ẹni tó da tòmátì sí ẹ̀wà tí kò tíì jinná ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kún owó èédú. Iyọ̀ tí gbogbo wa ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ lè fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ gbogbo èyí: ẹ máa wé ìkòkò.

Lẹ́yìn tí ẹ da ẹ̀wà sí àgbàdo, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣí i mọ́. Ẹ gbé e kúrò lórí iná tòun ti ìdérí rẹ̀, ẹ fi aṣọ àtijọ́ tó nípọn wé e, ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí tí ẹ ti kó àkísà sí nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Háríhá àgbàdo tó gbẹ náà dára fún un. Ẹ fi ìrọ̀rí bò ó lórí. Ẹ lọ wẹ ọmọ, ẹ lọ bá wọn ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn. Lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀, ẹ̀wà ti rọ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá dá a padà sórí èédú díẹ̀ kó tún hó, kẹ́ ẹ fi epo àti èròjà yòókù sí i.

Ẹnì kan ní ìṣe òyìnbó nìyẹn. Ṣé òyìnbó ló kọ́ ìyá ẹlẹ́kọ pé kó fi àpò àti aṣọ di ẹ̀kọ mọ́ inú agbada kó tó gbé e kiri? Láàárọ̀ ló ti sè é, ọ̀sán ni wọ́n ń ra èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín ṣì ń yọ lára rẹ̀.

Ohun mẹ́ta kẹ́ ẹ kíyè sí. Ìkòkò tí kò kún kì í ṣe é, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó pa ooru mọ́. Kó kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ má fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí oúnjẹ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn jù. Ẹ sì má ṣe é fún ẹ̀wà ńlá pupa tó rí bí kíndìnrín àfi tó bá ti kọ́kọ́ hó gidi: nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń da inú rú, tó ń múni bì, híhó fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń pa á, ooru tí kò tó ìyẹn kì í pa á. Ẹ̀wà tiwa tí à ń tà lọ́jà lójoojúmọ́ kò ní wàhálà yẹn.

* * *

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ kan ti dé o. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ yìí, ẹ̀wà lẹ mọ̀. Ẹ ra iṣu, ẹ fi ṣe àṣáró, ogún ìṣẹ́jú ó ti jinná. Ibo ni ẹ tún fẹ́ wé ìkòkò sí?"

Lórí iná, o borí mi. Iṣu ń tètè jinná, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Tí mo bá wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Sàfálù láti oṣù kẹjọ lọ, nígbà tí iṣu tuntun bá ti wọ ọjà, mi ò ní se adàlú rárá. Àṣáró ni, kí n gé wàgàṣì sí i. Wàràkàṣì àwọn Fúlàní tí wọ́n fi omi ewé bomubómú dì, tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa, kì í yọ́ nínú ọbẹ̀, ó ń mu omi àṣáró títí á fi kún fún ata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ jù, ebi ń pa mí.

Ṣùgbọ́n Wàńdó ni ẹni tó béèrè ń gbé. Ó lé ní 200 kílómítà láti Ṣábẹ̀ẹ́ sí Àjàṣẹ́, iṣu sì wúwo. Bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣu tútù ló jẹ́ omi, ìyẹn ni pé owó ọkọ̀ omi lẹ ń bá ọlọ́jà san. Omi inú ẹ̀wà gbígbẹ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Látìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ọkọ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí kpayo, epo ọkọ̀ fàyàwọ́ inú ìgò lójú títì wa, náà sì gbówó lórí, ẹrù tó bá wúwo ló kọ́kọ́ ń fi í hàn lọ́jà. Ẹ tún wò ó: kílò ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi gíráàmù 230 èròjà amáradàgbà, ti iṣu kò tó 20. Ọmọ tó jẹ àṣáró lásán á yó, lóòótọ́, á tún dìde wá búrẹ́dì tó sọ yẹn. Àgbàdo àtẹ̀wà ń ran ara wọn lọ́wọ́, ohun tí ọ̀kan ò ní tó, èkejì ní i.

Ẹni tó bá ní iṣu kékeré kan nílé, kó gé e sínú adàlú nígbà tí ẹ̀wà bá ti rọ̀. Ìjà parí.

* * *

Ẹja. Ìdí tí 1,000 kì í fi í tó fún ọ̀pọ̀ ilé ni pé wọ́n fẹ́ kí olúkúlùkù rí ẹja tirẹ̀ lórí abọ́. Ẹja gbígbẹ kékeré méjì tí ẹ yọ egungun rẹ̀, tí ẹ gún kúnná pẹ̀lú edé díẹ̀, á wọ gbogbo ìkòkò lára. Tí ẹ bá gé e sí márùn-ún, ìjà ni ẹ gé yẹn.

Màgí ńkọ́? Ẹnì kan ní mẹ́rin lòun ń jù sí ìkòkò ẹ̀wà. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ará ilé. Ìmọ̀ràn àjọ elétò ìlera àgbáyé ni pé kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ẹ sì ń fún ọmọ kékeré jẹ. Irú ṣíbí méjì, tí ẹ fi omi gbígbóná ṣàn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú epo kó tó wọ ẹ̀wà, màgí kan ò tún jẹ́ dandan mọ́. Òórùn rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ará ilé kejì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi.

* * *

Ẹni tó béèrè padà dé:

"Ẹ̀gbọ́n, a sè é. A wé ìkòkò, ó jinná, ìyàwó mi ò tíì gbà ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ló kù. Wọ́n ní oúnjẹ ilé arúgbó ni, pé ó rọ̀ jù, pé kò sí nǹkan tó ń dún lẹ́nu níbẹ̀. Kí la lè ṣe?"

Ẹ gbé iná lé e lórí.

Ìkòkò tó nípọn lẹ nílò, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fi irin àlòkù rọ, pẹ̀lú ìdérí tó nípọn tó sì tẹ́. Ẹ gé ọ̀dùnkún, ànàmọ́ yẹn, ní pẹlẹbẹ tínínrín, ẹ tò ó bo ojú adàlú tó ti jinná. Ẹ bu gàrí ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú abọ́, ẹ fi epo ṣíbí kan, iyọ̀ díẹ̀ àti omi tí kò ju kó kàn tutù lọ pò ó pọ̀, ẹ wọ́n ọn sórí ànàmọ́ náà. Ẹ fi ìdérí dé e. Ẹ wá kó púpọ̀ nínú èédú tó ń jó lábẹ́ rẹ̀ sórí ìdérí, kẹ́ ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù sísàlẹ̀. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi igi gbé ìdérí náà rọra, kí eérú má baà já sínú rẹ̀. Gàrí ti pọ́n, etí ànàmọ́ ti ká, ó ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lábẹ́ ṣíbí. Tí kò bá tíì pọ́n, ẹ dé e padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gàrí Sàfálù tó kúnná ló ń pọ́n dáadáa jù, èyí tó rí wóróworo máa ń le sí ọmọdé léyín.

Ẹnì kan ti ń béèrè bóyá ìyẹn kì í tún jẹ èédú. Èédú kan náà ni, ẹ kàn gbé e sókè ni. Kẹ́ ẹ sì tó pa á, ẹ gbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ kà á.

* * *

Ọ̀rọ̀ gáàsì kí n tó lọ sùn. Àwọn mẹ́ta ló ti sọ pé èédú ti di ohun àtijọ́, pé kí àbúrò ra ìgò gáàsì oníkílò 6 kó sinmi. Ó dáa fún ẹni tó lè san owó ìgò àti orí iná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ka 1,000 lálaalẹ́ kì í sábà rí owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi ń ra èédú lápò kékeré, tó sì ń gbówó jù bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àjọ ló ń yanjú ìyẹn. Tí ìyàwó rẹ bá wà nínú àjọ kan pẹ̀lú àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kó bá wọn sọ ọ́ kí owó tó kàn án. Kẹ́ ẹ sì máa wé ìkòkò lọ kódà tó bá jẹ́ gáàsì, torí ìgò ló ń tán yẹn.

Àtàsí ìyàwó rẹ, mi ò fòfin dè é. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dá gbogbo yín dúró títí alẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò rántí rẹ ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ rà á. Ẹ gbé abọ́ tiyín lọ, ẹ ra ìrẹsì àtẹ̀wà nìkan, kẹ́ ẹ din ẹyin méjì nílé kẹ́ ẹ pín in.

Kọ iye tí èédú jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀, kó o wá fi hàn wá níbí. Sọ fún ìyá rẹ ní Kétu pé mo kí wọn.